Ta Ni Yóò Fi Àmì Ohùn Lé Orí Lẹ́tà? Ìtàn Fọ́ǹtì Àdáṣe, Ìlànà Unicode àti Ètò Àjùmọ̀lò nínú Kíkọ Yorùbá sórí Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Nínú ẹ̀kọ́ nípa àkọtọ́ Yorùbá, ohun tí a sábà máa ń jíròrò lé lórí ni irú lẹ́tà tí ó yẹ kí a lò àti ibi tí ó yẹ kí àmì ohùn wà. Ìbéèrè kan wà tí àwa olùkọ́ èdè kì í sábà bi ara wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ń pinnu bóyá ohun tí a kọ yóò dé ọwọ́ ẹlòmíràn bí a ṣe kọ ọ́ gan-an. Ìbéèrè náà ni pé, lẹ́yìn tí a bá ti fẹnu kò lórí ìlànà kan, ta ni yóò mú un ṣẹ nínú ẹ̀rọ? Ṣé kí olúkúlùkù ka ìlànà náà kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ètò tí yóò máa tẹ̀ lé e ni, àbí kí ó gbára lé ètò tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀?

Àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ fún ìhà méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a ṣe yóò sọ pé ọwọ́ ara ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbára lé ẹlòmíràn yóò dáhùn pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ àyà. A kò lè fi òwe parí ìjà yìí. Nínú iṣẹ́ yìí, ìtàn ni a óò gbé lé iwájú, pàápàá ìtàn bí ẹ́ àti ọ̀ ṣe dé orí kọ̀ǹpútà. Èrò wa ni pé kì í ṣe dídá nǹkan ṣe ni ó pa iṣẹ́ àwọn oǹkọ̀wé Yorùbá lára ní ìgbà àkọ́kọ́, bí kò ṣe dídá a ṣe láìsí ìlànà tí gbogbo wọn jọ ní. Nígbà tí ìlànà sì dé, kò wúlò tó títí di ìgbà tí àwọn tí ń mú un ṣẹ fi pa iṣẹ́ wọn pọ̀.

Àkọtọ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ gbé ìbéèrè yìí ka iwájú wa. Karl Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa Íjíbítì àtijọ́, gbé ìwé Standard Alphabet jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1855. Ó fẹ́ kí àwọn èdè tí kò ì tíì ní àkọsílẹ̀ jọ máa lo ìlànà lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS sì tẹ́wọ́ gba ìlànà náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn ìjọ ṣe ìpàdé ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá, ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí níbẹ̀ ni a sì lò fún ohun tí ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kí ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ọdún 1966 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tó tún un ṣe. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà tí ó jáde ní 1975 yan ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ. Ìdí nìyí tí ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ, tí wọ́n jọ gbọ́ ara wọn yékéyéké, fi ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀nà méjì.

Ní ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀ràn náà kò le. Ẹni tí ń tẹ̀wé lè dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn kí ó sì tẹ àmì lé lẹ́tà, tàbí kí ó fi báírò kán an sí i lẹ́yìn tí ó bá yọ bébà jáde tán. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ó wà nínú yàrá ìkàwé wa ni a fi báírò ṣe báyìí. Bébà kì í bi ènìyàn bóyá ó mọ àmì náà tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Fọ́ǹtì àdáṣe

Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Nígbà tí a bá tẹ a, nọ́ńbà kan ni ó wọ inú fáìlì. Fọ́ǹtì ni ó ń sọ àwòrán tí a ó fi hàn fún nọ́ńbà náà. Ìlànà nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ń tẹ̀ lé nígbà náà ni ISO 8859-1 tí ó jáde ní 1987, tàbí àwọn ẹ̀dà tí ó jọ ọ́. Àyè 256 péré ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni a sì ṣe é fún. Lẹ́tà ö tí àwọn ará Jámánì ń lò wà níbẹ̀. Ñ ti àwọn ará Sípéènì náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ.

Ohun tí àwọn ènìyàn wa ṣe kò ṣòro láti lóye. Wọ́n mú fọ́ǹtì tí ó ti wà, wọ́n pa àwòrán lẹ́tà àjèjì kan rẹ́, wọ́n sì ya ọ́ sí ipò rẹ̀. Nọ́ńbà kò yí padà, àwòrán ni ó yí padà. Ẹnì kan fi ọ́ sí àyè ö, ẹlòmíràn fi í sí àyè ô, ẹnì kẹta fi ẹ̀ sí ibẹ̀. Kò sí tábìlì kan tí gbogbo wọn jọ ń wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi àwọn ènìyàn náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ọdún 1990 sí 2000 kì bá ti ní àmì ohùn rárá, lórí bébà iṣẹ́ wọn sì dára púpọ̀.

Ìgbà tí fáìlì bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn ni wàhálà máa ń dé. Òǹkọ̀wé yìí gbé ojú ìwé ogójì lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan nínú dísíkì pẹlẹbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Orí ìwé náà dá lórí ìyàtọ̀ tí ohùn ń mú bá ìtumọ̀, àpẹẹrẹ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ ni a lò: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé náà kò ní fọ́ǹtì wa. Gbogbo ibi tí ó yẹ kí a ti rí ọkọ́ ni a ti rí ôkö, àwọn ará ilé ìtẹ̀wé sì rò pé èdè mìíràn ni. Ọjọ́ mẹ́fà ni a fi tún un tẹ̀. A wá mọ̀ nígbà náà pé kò sí ọ́ kankan nínú fáìlì wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà àwọn ará Yúróòpù ni ó wà níbẹ̀. Inú fọ́ǹtì ni Yorùbá rẹ̀ wà. Bí fọ́ǹtì bá sọnù, tí ẹni tí ó ṣe é kò sì kọ tábìlì rẹ̀ sílẹ̀, ìwé náà di àlọ́ àpamọ̀.

Ó yẹ kí a fi èyí wé ohun tí àwọn ará Vietnam ṣe, nítorí èdè tiwọn náà ní ohùn, wọ́n sì ń fi àmì sórí lẹ́tà àti sábẹ́ rẹ̀. Àwọn náà dá a ṣe. Ṣùgbọ́n ní 1992, ẹgbẹ́ kan láàárín àwọn ọmọ Vietnam tí ó wà ní òkè òkun gbé tábìlì kan jáde tí a ń pè ní VISCII, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síta fún gbogbo ayé ní 1993. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Vietnam gbé ìlànà tirẹ̀, TCVN 5712, jáde. Iṣẹ́ àdáṣe ni èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn lè rí tábìlì rẹ̀ kà.

Unicode àti lẹ́tà tí a jẹ ní àlékún

A dá ẹgbẹ́ Unicode sílẹ̀ ní Kalifọ́níà ní oṣù kìíní ọdún 1991, ìwé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Èrò rẹ̀ ni pé kí gbogbo lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí nọ́ńbà kan má sì jẹ́ ti lẹ́tà méjì. Nínú ẹ̀dà 1.1 tí ó jáde ní 1993, ẹ gba nọ́ńbà 1EB9, ọ gba 1ECD, ṣ sì gba 1E63.

Ẹni tí ó bá rò pé nítorí Yorùbá ni a ṣe fi wọ́n sí ibẹ̀ yóò ṣe àṣìṣe. Inú ọ̀wọ́ lẹ́tà tí a tò fún èdè Vietnam ni ẹ àti ọ wà. Lọ́dọ̀ wọn, àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ àmì ohùn. Lọ́dọ̀ wa, ó ń fi fáwẹ̀lì kan hàn yàtọ̀ sí òmíràn. Ṣ ní tirẹ̀ wúlò fún àwọn tí ń fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè Sanskrit ti Íńdíà. A jẹ nínú oúnjẹ tí a kò sè.

Ibi tí àlékún náà pin sí ni orí ẹ́. Ẹ tí ó ru àmì ohùn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀, lẹ́tà kékeré mẹ́rin àti lẹ́tà ńlá mẹ́rin, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bákan náà ni m tí ó ru ohùn ìsàlẹ̀. Ǹ ní tirẹ̀ rí nọ́ńbà gbà ní 1999 nínú ẹ̀dà 3.0, èdè Ṣáínà tí a fi lẹ́tà Róòmù kọ ni ó sì gbà á fún wa. Ìdáhùn Unicode sí ìyókù ni pé kí a tẹ nọ́ńbà ẹ, kí a sì tẹ nọ́ńbà àmì ohùn tẹ̀ lé e, kí ẹ̀rọ so wọ́n pọ̀. 0301 ni àmì ohùn òkè, 0300 sì ni ti ìsàlẹ̀. Ní 2001 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ọ̀ràn yìí: wọ́n pinnu pé ọ̀nà tí a fi ń so lẹ́tà pọ̀ kò gbọdọ̀ yí padà mọ́, kí fáìlì àtijọ́ má bàa bàjẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí èrè nínú bíbéèrè nọ́ńbà tuntun fún ẹ́. Àwọn arákùnrin wa ní Bẹ̀nẹ̀ kò sàn jù wá lọ, nítorí ɛ́ àti ɔ̀ náà kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Inú bí àwọn kan sí ìpinnu yìí, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Vietnam ní tábìlì tí ó lè gbé wá, ệ wọn tí ó ru àmì lórí àti lábẹ́ sì gba nọ́ńbà kan ṣoṣo, 1EC7. Fọ́ǹtì tiwa tí kò bára mu kò lè dúró bí ẹ̀rí níwájú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ní ojú tiwa, ìlànà náà kò ṣe Yorùbá ní àìdá. Ohun tí ó sọ yéni, ó sì tó. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò mú un ṣẹ.

Ilé kan, bíríkìlà púpọ̀

Kí àmì tó lè jókòó dáadáa lórí ẹ, nǹkan méjì ni a nílò. Èkíní ni fọ́ǹtì tí ó sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. Èyí ni ìlànà OpenType, tí Microsoft àti Adobe kéde ní 1996, ṣètò fún. Èkejì ni ètò tí yóò ka ohun tí fọ́ǹtì sọ tí yóò sì ṣe é. Ètò ìtolẹ́tà ni a óò máa pe irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ìlànà OpenType wà ní gbangba, nítorí náà olúkúlùkù ni ó ṣe ètò ìtolẹ́tà tirẹ̀. Microsoft ní Uniscribe. Apple ní tirẹ̀. IBM ní ọ̀kan nínú ICU, àkójọ ètò tí ó yọ̀ǹda fún gbogbo ayé ní 1999. Àwọn tí ń ṣe GNOME ní Pango, àwọn tí ń ṣe Qt sì ní tiwọn. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé inú iṣẹ́ kan náà, FreeType, ni Pango àti Qt ti mú apá tí ń ka OpenType, ṣùgbọ́n olúkúlùkù gbé ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sí ilé, ó sì ń tún un ṣe lọ́tọ̀. Àṣìṣe tí a bá mú kúrò níhìn-ín kì í kúrò lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ SIL, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn èdè tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í náání, rí i pé àwọn wọ̀nyí ń pẹ́ jù, wọ́n sì ṣe ètò tiwọn tí a ń pè ní Graphite pẹ̀lú fọ́ǹtì Doulos SIL àti Charis SIL, tí a lè fi kọ Yorùbá.

Ẹni tí ó kọ Yorùbá ní àkókò náà rí àbájáde rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, fáìlì kan náà, fọ́ǹtì kan náà: nínú ètò kan, àmì á jókòó gẹ́gẹ́ bí fìlà, nínú òmíràn, á bọ́ sí èjìká lẹ́tà, nínú òmíràn, àpótí òfìfo ni a ó rí. Gbogbo wọn ni ó sọ pé àwọn ń tẹ̀ lé ìlànà. Fún ilé iṣẹ́ tí ń ta ètò fún àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, àmì tí ó bọ́ lórí ẹ kì í ṣe ọ̀ràn kánjúkánjú. Olùṣe ètò tí ó bá dá ìlànà mú ṣẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe apá tí òun fúnra rẹ̀ nílò, àwa sì máa ń wà nínú apá tí ó kù.

Ní 2006, àwọn ará Pango àti Qt gbà láti da apá tí wọ́n jọ ní pọ̀ sí abẹ́ orúkọ kan, HarfBuzz. Ọ̀rọ̀ Páṣíà ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí OpenType fúnra rẹ̀: lẹ́tà tí ó ṣí sílẹ̀. Behdad Esfahbod, ọmọ Ìráànì tí ó ṣiṣẹ́ ní Red Hat kí ó tó lọ sí Google, tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èdè abínibí rẹ̀, Páṣíà, kì í ṣe èdè tí lẹ́tà rẹ̀ ń dá dúró. A kò lè kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà láìsí ètò ìtolẹ́tà rere. Khaled Hosny, ọmọ Íjíbítì, náà ṣe iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó tún bàtà ṣe.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ó ní ètò tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀. Firefox bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nínú ẹ̀dà 4 ní 2011. Pango fi gbogbo ara gbára lé e ní 2012. LibreOffice mú un lò lórí Linux ní 2013, ó sì mú un lò lórí gbogbo irú kọ̀ǹpútà ní 2017. ICU pàápàá yọ ètò ìtolẹ́tà tirẹ̀ kúrò ní 2016. Chrome àti fóònù Android ń lò ó. Apple àti Microsoft ṣì ń lo tiwọn, wọ́n sì ní owó àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún Yorùbá, èrè ibẹ̀ ni pé ohun tí a bá tún ṣe nítorí Lárúbáwá tàbí Híńdì ní ibì kan ń dé ọ̀dọ̀ wa láìjẹ́ pé a bẹ ẹnikẹ́ni.

Ewu tí ó wà nínú gbígbára lé ẹlòmíràn

Ẹni tí ó gbójú lé ogún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ọdún 2014 fi èyí hàn nínú ọ̀ràn tí kò kan lẹ́tà. Ìlànà TLS ni ó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ aṣínà àti owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Apple dá a mú ṣẹ fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún náà, ó hàn sí gbangba pé ìlà kan ṣoṣo tí a ṣèèṣì kọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ètò rẹ̀ ti ń jẹ́ kí àyẹ̀wò pàtàkì kan fò kọjá. Àwọn tí ó gbára lé OpenSSL kò tíì rẹ́rìn-ín tán nígbà tí tiwọn dé ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin. Láti 2012 ni OpenSSL ti ní àlébù kan tí a pè ní Heartbleed, tí ó ń jẹ́ kí àlejò ka ohun ìkọ̀kọ̀ inú kọ̀ǹpútà. Ìlànà kò ní àṣìṣe; ẹni tí ó mú un ṣẹ ni ó gbàgbé láti wọn gígùn ọ̀rọ̀ tí àlejò sọ pé òun fi ránṣẹ́. Àìmọye ilé iṣẹ́ ni ó gbé ẹrù wọn lé orí OpenSSL, àwọn díẹ̀ ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀ láìsí owó gidi.

Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Àṣìṣe Apple mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà Apple. Ti OpenSSL kan gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kan ṣoṣo ni ó tó fún gbogbo ayé náà, láàárín oṣù díẹ̀ sì ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ti ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan HarfBuzz pẹ̀lú, nítorí ọwọ́ ẹnì kan ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Apá tí kò sí ẹni tí yóò bá wa ṣe

Ètò ìtolẹ́tà lè fi àmì lé orí lẹ́tà. Kò mọ̀ bóyá ọkọ́ ni a fẹ́ kọ tàbí ọkọ̀. Kò sì lè tẹ̀ ẹ́ fún wa. Kíbọọ̀dù ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, apá yìí sì ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ṣiṣẹ́ fúnra wọn. Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Alt-i, ní Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ kíbọọ̀dù àti ìmọ̀ ẹ̀rọ fún èdè wa láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí ìdí fún un. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ní YorubaName náà pín kíbọọ̀dù lọ́fẹ̀ẹ́. Àdáṣe ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà Unicode ni ó ń jáde láti inú rẹ̀. Ohun tí a fi tẹ̀ ẹ́ lè sọnù, ìwé náà yóò sì wà síbẹ̀.

Ibì kan ṣì wà tí àwọn tí ń ṣe ètò fún ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọsẹ̀ sí. A lè tẹ ẹ́ tí ó wà nínú Fẹ́mi ní ọ̀nà mẹ́rin: ẹ kí àmì òkè tẹ̀ lé e, é kí àmì abẹ́ tẹ̀ lé e, e, àmì abẹ́, àmì òkè, tàbí e, àmì òkè, àmì abẹ́. Ojú wa kò ní rí ìyàtọ̀. Ìlànà Unicode sọ pé ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ṣàlàyé bí a ṣe ń sọ wọ́n di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Àkójọ ètò tí ń ṣe èyí wà lọ́fẹ̀ẹ́, ICU sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ irú ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè tẹ Fẹ́mi sínú rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì wá a lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá rí ẹnì kan dípò mẹ́rin, ẹni tí ó ṣe ètò náà ti dá ìfiwéra lẹ́tà ṣe láì ka ìlànà, orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì lè wà nínú rẹ̀ tí a kò lè rí nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde.